Orù Ìyá Rokiah

Orù dúdú ni wọ́n tì mọ́ yàrá lọ́jọ́ Ẹtì. Orù pupa ni wọ́n bá lórí tábìlì lọ́jọ́ Ajé. Ilẹ̀kùn kò já, fèrèsé kò fọ́, ẹni mẹ́ta péré ló sì ní kọ́kọ́rọ́: Emilia tó ni ilé àfihàn náà, Jonas tó ń tọ́jú ẹrù ibẹ̀, àti Oyèbánjí, àbúrò mi. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àbúrò mi nìkan ni wọ́n ní kó lọ jókòó sílé.

Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, mo ṣì ń bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì mi.

"Sister mi," ó ní, "Emilia sọ pé tí òun ò bá rí orù yẹn títí aago mẹ́rin òní, òun máa lọ ṣe Anzeige lọ́dọ̀ police. Ẹ mọ̀ pé Thursday ni Termin Àánú ní embassy, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un."

Mo mọ̀. Gbogbo ìdílé wa ló mọ̀. Ọdún méjì ààbọ̀ ni Àánúolúwapọ̀, ìyàwó rẹ̀, ti ń retí físà ní Èkó, ìwé ìgbélùú Oyèbánjí sì so mọ́ iṣẹ́ yìí gan-an. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ìwé bọ́, físà náà sì bọ́ pẹ̀lú wọn. Mi ò jókòó sunkún. Mo wọ bàtà mi padà, mo lọ kan ilẹ̀kùn Aunty Kùdírátù.

Ẹni tí kò bá gbé Steilshoop, àdúgbò wa ní Hamburg, lè má mọ Aunty Kùdírátù. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá Ìlọrin, kí ọmọ wọn tó ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Hamburg wá bá òun tọ́ ọmọ. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ sọnù nísàlẹ̀ ilé wa, wọ́n wo ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà èèyàn mẹ́rin, wọ́n sì ní kí ẹnìkẹta lọ gbé e wá. Ó lọ gbé e wá. Láti ìgbà yẹn ni àwọn aládùúgbò ti ń nu ẹsẹ̀ bàtà wọn kí wọ́n tó kí wọn.

Mo kúnlẹ̀, mo rò fún wọn látòkè délẹ̀. Wọ́n ń mu tíì wọn lọ ní tiwọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí, ibo ni orù náà ti wá. Mo ní láti ìlú ọba kan ní Malaysia ni, létí odò, Kuala Kangsar lorúkọ rẹ̀.

Wọ́n gbé ife kalẹ̀. Wọ́n ní àwòrán mọ́ṣáláṣí ìlú yẹn wà lára kàlẹ́ńdà tó wà nílé kéú àwọn nígbà tí àwọn wà lọ́mọ ọdún méje, òrùlé rẹ̀ rí róbótó, wúrà sì ni. Wọ́n ní gbogbo ìgbà yẹn ni àwọn rò pé ayàwòrán kan ló dá a rò lọ́kàn ara rẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n lọ wọ ìbòrí wọn.

*

Ilé àfihàn Emilia kéré. Yàrá mẹ́ta ló ní, nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Kreuzberg, ní Berlin, ṣọ́ọ̀bù àwọn Turkey sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ni yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní amọ̀ mímọ wà, ṣùgbọ́n wọ́n wà ní ìsinmi Àjíǹde lọ́sẹ̀ náà, nítorí náà ibẹ̀ dá páropáro. Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ láti Hamburg, aago mọ́kànlá ààbọ̀ sì ti lù kí a tó wọlé.

Mo ti múra láti kórìíra Emilia, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò jẹ́ kó rọrùn fún mi. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin kan tó ń jẹ́ Ìyá Rokiah ló yá àwọn ní orù náà, àti pé ìyá Ìyá Rokiah ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n, kí wọ́n tó bí Ìyá Rokiah pàápàá. Kò sí èkejì rẹ̀. Oyèbánjí ni òun rán lọ gbé e wá, nítorí òun fọkàn tán an ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ó wá na fóònù rẹ̀ sí wa. Àwòrán kan tí Oyèbánjí fi sórí ayélujára ló wà níbẹ̀: àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá arúgbó kan, ìyá náà fi ẹ̀mú onírin gígùn gbé orù kan sókè, orù náà sì pupa fòò. Bákan náà ló rí pẹ̀lú èyí tó wà lórí tábìlì, ìdí rẹ̀ gbòòrò, ọrùn rẹ̀ gùn, ọmọrí sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Emilia ní, "Pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Dúdú ló gbé fún mi. Ní báyìí dúdú ti lọ, pupa ló kù. Kí ni kí n rò?"

Ó tún ní ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà fi hàn pé Oyèbánjí wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló lò. Ọmọ tí mo pọ̀n ni, mo sì mọ̀ pé kò lè jalè, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ àti ohun tí mo ń wò kò bára mu.

Aunty fẹ́ gbé orù náà, Emilia ní rárá, ìka ọwọ́ olè lè wà lára rẹ̀, ó fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ de àwọn ọlọ́pàá. Aunty kò jiyàn. Wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n gbóòórùn ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n pe àbúrò mi wá, kí wọ́n sì fún àwọn ní yàrá ìdáná.

*

Oyèbánjí wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Aunty, ó jókòó sétí àga. Aunty kọ́kọ́ bi í nípa ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní okùn tí òun fi ń ṣáájì kọ̀ǹpútà ni òun wá mú, òun ò tilẹ̀ wọ yàrá orù. Ó wo Aunty lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Wọ́n wá bi í pé ẹrù wo ló gbé ti Malaysia bọ̀. Ojú rẹ̀ wá sílẹ̀.

"Orù náà nìkan, Aunty. Pẹ̀lú aṣọ mi."

Mo rí i. Aunty náà rí i. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n fọwọ́ dá mi dúró, wọ́n sì béèrè ohun kan tó fẹ́ẹ̀ bí mi nínú.

"Ròyìn ìlú yẹn fún mi. Látìgbà tó o ti bọ́ sílẹ̀ nínú train. Má yára."

Mo wo aago. Ó ti di aago méjìlá. Ṣùgbọ́n Oyèbánjí bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì ṣe, èmi náà gbàgbé aago.

Ó ní ọkọ̀ ojú irin gbé òun kúrò ní Kuala Lumpur láàárọ̀, ó gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Ìlú náà dákẹ́, odò Perak fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rọra lọ, omi rẹ̀ rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Òun gun òkè kan, òun yà níkọ́nà, òun sì dúró lójú kan. Mọ́ṣáláṣí náà wà níwájú òun. Gbogbo orí rẹ̀ jẹ́ wúrà, àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ funfun yí i ká, oòrùn sì ń ràn lórí rẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n òun ti ṣí fìlà òun kí òun tó mọ̀ pé òun ṣí i.

Aunty di ojú. Wọ́n ní, "Sùbúhánálláhì," jẹ́jẹ́. "Kì í ṣe ayàwòrán ló dá a rò."

"Rárá, Aunty. It's real. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹnì kan fi bi mí bóyá ara mi ò yá ni."

Ó ní òun lọ wo ààfin àtijọ́ kan tó jẹ́ ti igi, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ ọparun híhun, aláwọ̀ ìyeyè, dúdú àti funfun. Wọ́n sọ fún òun pé kò sí ìṣó kan ṣoṣo lára ilé náà. Òun kò gbà, òun fi ogún ìṣẹ́jú wá ìṣó ní oríkèé igi kọ̀ọ̀kan, àfìgbà tí ọ̀gá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Òun kò rí ẹyọ kan. Ó ní ẹ̀rù bà òun díẹ̀, irú ẹ̀rù tó máa ń ba èèyàn tó bá rí ohun tó ju òye rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan kọjá odò lọ sí Sayong, níbi tí wọ́n ti ń mọ orù. Ẹ̀wù ìyeyè ló wọ̀. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní àwọ̀ ọba lo wọ̀ yẹn o. Àwọn tó jókòó pẹ̀lú rẹ̀ ní kò sí wàhálà, awakọ̀ ń ṣeré ni, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá wa, Oyèbánjí kò lè bá ọba du àwọ̀. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì lé e nínú ooru yẹn, ó sì làágùn títí di ìrọ̀lẹ́. Mo rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Aunty kò rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó máa bọ̀.

"Báwo lo ṣe kí ìyá náà?"

"Mo bọ́ bàtà sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹnu yà wọ́n, wọ́n pe gbogbo àwọn ará ilé kejì kí wọ́n wá wò mí. Wọ́n ní kí n tún un ṣe."

Ìyá náà mú un lọ síbi iná. Orù tuntun kan wà nínú iná, nígbà tí ìyá sì fi ẹ̀mú yọ ọ́, pupa ló jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya àwòrán yẹn. Lẹ́yìn náà ni ìyá tì í bọ inú òkìtì èèpo ìrẹsì, èéfín bo gbogbo wọn, nígbà tí èéfín sì lọ, orù náà ti dúdú bíríbírí. Oyèbánjí ní pupa di dúdú lójú òun, láìsí ọ̀dà, láìsí nǹkan kan ju iná àti èèpo lọ.

Aunty mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ní Dada, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò ní Ìlọrin, ìyá mi máa ń da omi èèpo igi irú sí tiwọn nígbà tó bá ṣì gbóná. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń pupa kí wọ́n tó dúdú." Ohùn wọn ti yàtọ̀. Mi ò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ ìyá wọn rí.

Ó sọ bí Ìyá Rokiah ṣe wọlé lọ gbé orù ìyá tirẹ̀, bó ṣe fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí òun, tí òun sì kúnlẹ̀ gbà á. Ó ní ó parí.

"Kò tíì parí," Aunty wí. "Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Àbúrò mi ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Oyèbánjí, àgbà obìnrin gbé ohun èlò ìyá ẹ̀ fún àlejò tó dọ̀bálẹ̀ fún un. Ṣé lófìfo ló gbé e? Tí mo bá dá abọ́ padà fún ìyá mi láìfi nǹkan sí i, wọ́n á ní ṣé mò ń bá àwọn jà ni. Ìwọ ọmọ Yorùbá lo jókòó síbí, o sì fẹ́ kí n gbà pé o ò mọ̀."

Omi dé ojú rẹ̀. "Ìrẹsì ni, Aunty. Ẹ̀kúnwọ́ méjì. Ìyá ní orù ìyá àwọn ò gbọdọ̀ jáde nílé lófìfo. Mi ò sọ fún àwọn Zoll tó ń yẹ ẹrù wò ní airport, mi ò sọ fún Emilia, mo mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn kó irú ẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi bù ú. Mi ò lè dà á nù, I just couldn't."

Èmi náà kì bá tí dà á nù. Ẹni tó tọ́ wa, ọ̀kan náà ni.

*

Aunty ní kí gbogbo wa péjọ sídìí tábìlì. Aago kan ku díẹ̀. Jonas dé pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, ọkùnrin gíga kan, ẹni jẹ́jẹ́, tí kò tíì sọ ju ẹ kúùròlẹ́ lọ láti ìgbà tí a ti dé, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò tíì rọ̀. Aunty fi German wọn tó ń dún bíi ti Ìlọrin bá a sọ̀rọ̀, wọn kò gbé ohùn sókè rárá.

"Jonas, kòkòrò mélòó ló jáde nínú orù lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Mẹ́ta," ó ní. Ó wá pa ẹnu dé.

Emilia ní kòkòrò wo. Jonas gbé ife kalẹ̀, ó jókòó.

Aunty tọrọ ìbọ̀wọ́, wọ́n tọrọ bébà funfun. Wọ́n ní kò sí olè kankan, nítorí náà kò sí ìka olè tí a ń dáàbò bò. Emilia mi orí. Wọ́n ṣí ọmọrí orù, wọ́n tan iná fóònù sí ọrùn rẹ̀, wọ́n ní kí Emilia wò ó. Ìta pupa, inú ṣì dúdú bó ṣe wà. Wọ́n wá rọra dojú rẹ̀ kọ bébà náà. Èédú wẹ́wẹ́ ló dà jáde, ó tó ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì gún, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí àti nídìí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìrẹsì ni.

Oyèbánjí fọwọ́ bo ẹnu.

Aunty tò ó fún wa. Ìrẹsì wà nínú orù dúdú tó ti Malaysia wá, Oyèbánjí nìkan ló mọ̀. Ìrẹsì tó jóná wà nínú orù pupa yìí. Olè tó bá fẹ́ pààrọ̀ orù kò lè mọ̀ pé ó yẹ kí òun fi ìrẹsì sí ti irọ́, ká má tilẹ̀ sọ pé kó sun ún. Orù kan náà ni. Iná ló bọ́ àwọ̀ lára rẹ̀, ọmọrí sì dé e, ìyẹn ni kò jẹ́ kí inú bọ́. Kò sì sí iná tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí ju ti ìléru tí wọ́n fi ń sun amọ̀ àwọn ọmọdé lọ. Òórùn jíjóná ni àwọn gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀, ohun tí àwọn kò mọ̀ ni ohun tó jóná, àti ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa gbé orù tó ti sun padà sínú iná. Ìgbà tí Oyèbánjí dárúkọ ìrẹsì ni àwọn ronú kan kòkòrò. Ẹni tó ń tọ́jú ẹrù ló máa kọ́kọ́ rí kòkòrò.

Jonas sọ ìyókù fúnra rẹ̀. Ẹrù tó bá ní kòkòrò, ìlànà ni pé kí wọ́n mú un gbóná níwọ̀n ọgọ́ta, kí kòkòrò kú. Ilé náà kéré, wọn kò ní ẹ̀rọ tó yẹ, ìléru ni òun ń lò. Ó dé ọmọrí kí kòkòrò má baà sá. Ọgọ́ta ni òun fẹ́ tẹ̀, òdo kan ló lé sí i, ó di ẹgbẹ̀ta, òun sì lọ sílé fún òpin ọ̀sẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé òun ṣí i, òun rí pupa. Òun gbé e sórí tábìlì láti wá bí òun ṣe máa sọ ọ́. Kí òun tó la ẹnu ni Emilia ti wọlé, tó pariwo pé wọ́n ti pààrọ̀ orù. Òun dákẹ́ níṣẹ́jú yẹn, lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣeé sọ mọ́.

Inú bí mi débi pé mo rìn lọ síbi fèrèsé. Ọkùnrin yìí jókòó ó ń mu omi, ó sì jẹ́ kí ayé ọmọ ìyá mi fẹ́ bàjẹ́ nítorí òdo kan. Oyèbánjí ló wá fà mí lápá. Ó ní òun náà dákẹ́ nípa ìrẹsì, ká má ṣe bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló dákẹ́ nínú ilé náà.

Emilia ti gbé àwòrán ọjọ́ tí orù dé wá, ó fi wé e. Àpá àtàǹpàkò kan wà nídìí méjèèjì, níbi kan náà. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò mi, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà. Ó wá jókòó, ó bú sẹ́kún. Kò sí olè, ṣùgbọ́n orù tí ìyá arúgbó kan yá wọn ti bàjẹ́, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ sọ fún un.

"Èmi ni," Oyèbánjí wí. "Èmi ni wọ́n gbé e fún."

*

Ó pè wọ́n lórí fídíò. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alẹ́ tán lọ́hùn-ún ni, Ìyá Rokiah ṣì wà nínú aṣọ ìrun funfun, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin sì jókòó tì wọ́n, ó ń túmọ̀. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ níwájú fóònù, lórí ilẹ̀ Kreuzberg. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó sọ ti ìrẹsì, ti kòkòrò, ti iná. Jonas dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ orí ba. Lẹ́yìn náà ni Oyèbánjí gbé orù náà síwájú fóònù.

Ìyá náà súnmọ́ fóònù títí ojú wọn fi kún inú rẹ̀. Wọ́n ní kó yí i. Ó yí i. Wọ́n ní kó fi ìdí rẹ̀ hàn, ó fi hàn, wọ́n sì fi ìka kan fóònù níbi tí àpá àtàǹpàkò náà wà. Mo ní ó parí, wọ́n máa ṣépè fún wa.

Ọmọ-ọmọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, òun náà ní láti nu ojú kó tó túmọ̀ rẹ̀.

"Màmá ní dúdú ni àwọn bá orù yìí láyé. Dúdú ni àwọn mọ̀ ọ́n fún ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Ọjọ́ tí ìyá wọn yọ ọ́ nínú iná nìkan ló pupa bẹ́ẹ̀, kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ. Wọ́n ní lónìí ni àwọn rí ohun tí ìyá àwọn rí."

Aunty Kùdírátù, tí mi ò rí omi lójú wọn rí, yí ojú sí ògiri, wọ́n fi etí ìbòrí nu ojú.

Ìyá Rokiah tún sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dá a padà sí dúdú. Kí àwọn ará Berlin wò ó bẹ́ẹ̀ títí àfihàn á fi parí, kí Oyèbánjí sì gbé e bọ̀ fúnra rẹ̀, kó mú ìyàwó rẹ̀ tó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn nígbà náà dání, nítorí èèpo ìrẹsì àwọn tó máa sọ orù náà di dúdú padà wà nílẹ̀. Wọ́n fi ìka kìlọ̀ fún un, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí gbólóhùn tó kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀: kó má gbé e wá lófìfo.

Wọ́n pa fóònù. Aago méjì àti ogún ìṣẹ́jú ni. Emilia dìde, ó jáde, a sì gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù àwọn Turkey. Nígbà tó padà dé, ó gbé àpò ìrẹsì kan lọ́wọ́. Ó tú ẹnu rẹ̀, ó dúró lórí orù pupa náà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

"Ẹ̀kúnwọ́ mélòó ni?" ó bi àbúrò mi.

"Méjì," Oyèbánjí ní, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn án.